Ẹgbẹ̀rún Méjì Ààbọ̀

Akinṣuyì ní kí n tètè pinnu,
aago ojú kọ̀ǹpútà ń kà padà sẹ́yìn:
ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, mẹ́jọ.
Mo ní kó máa kà lọ.
Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi ka owó ìjọba ní Alágbàkà,
kọ́bọ̀ kan kò sùnta mọ́ mi lọ́wọ́ rí.

Àkúrẹ́ sí Àbújá, ọkọ̀ òfurufú olówó pọ́ọ́kú,
àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì: ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélọ́gọ́ta.
Mo yọ káàdì ẹ̀bùn jáde lápò,
káàdì Ọmọ́ṣaléwá,
tí àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìjọ̀mu fún un
lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì. Ẹgbẹ̀rún àádọ́ta.
Wọ́n ní, "Màmá, ẹ lọ fò díẹ̀."
Kò fò.
Ó fi í sàmì sínú Bíbélì, nínú ìwé Rúùtù,
ó ní ó di ọjọ́ tí ọmọ òun bá bímọ.
Ọmọ ti bímọ.
Ọ̀la ni káàdì náà yóò kú.

Mo fi owó wẹ́wẹ́ àtijọ́ ha ẹ̀yìn rẹ̀,
eérú fàdákà kún èékánná mi.
Nọ́ńbà mẹ́rìndínlógún yọjú,
mo pè é fún ọmọ náà ní méjì-méjì
bí ẹni ń pe orúkọ ọmọ iléèwé láàárọ̀.
Mo ní, ṣé wọn ò ní bèèrè ẹni tó ni í?
Ó ní, "Bàbá, ẹni tó bá mọ nọ́ńbà ló ni owó."
Mo dákẹ́ ná.

Ó ku ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá.
Akinṣuyì tẹ nọ́ńbà káàdì báńkì mi,
àfi bí owó ṣe sọ tó di mẹ́tàlá ààbọ̀.
Kí ni méjì ààbọ̀ ń wá níbẹ̀?
"Owó ìlò káàdì ni, Bàbá."
Káàdì ta ni? Káàdì tèmi,
tí báńkì ń gé owó ìtọ́jú rẹ̀ lára mi?
Kí n ra iṣu tán,
kí n tún háyà ọ̀bẹ lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún mi?
Padà sẹ́yìn, ọmọ.

Mo wọ awò mi.
Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ọ̀rọ̀ ti kéré bí ẹyin iná orí,
wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀:
ẹni tó bá fi owó ránṣẹ́ tààrà láti báńkì
kò ní san nǹkan kún un.
Wọ́n sọ ọ́, wọn ò kàn fẹ́ ká gbọ́ ni.
Mo gbé fóònù. Iná lọ.
Jẹnẹrétọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé e.
Ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ ló kù nígbà tí owó wọlé.

Wọ́n tún bèèrè: ìjókòó wo?
Ibi tó bá wu àwọn ni wọn yóò fi mí sí lọ́fẹ̀ẹ́.
Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ẹgbẹ̀rún méjì.
Akinṣuyì ti fẹ́ tẹ ọ̀fẹ́, ó ti mọ̀ mí.
Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.
Ọmọ́ṣaléwá ní bí òun bá wọ bàlúù láéláé,
ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni, kí òun lè wo òrùlé ilé wa ní Ìjọ̀kà,
kí òun fojú ara òun rí i
bóyá páànù tí mo ní mo ti pààrọ̀,
mo pààrọ̀ rẹ̀ lóòótọ́.

San án, mo ní.
Ó wò mí, ó tún wò mí, ó tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta tó ṣẹ́kù, bọ̀ọ̀lì ni mo fi rà lẹ́bàá Ọjà Ọba,
mò ń jẹ ẹ́ lọ bí ọmọ tó sá níléèwé.
Káàdì òfìfo ń gún mi láyà,
mo máa dá a padà sínú Rúùtù.
Àbámẹ́ta ni ìsọmọlórúkọ. Wọ́n ní Yéjídé ni.

Mo délé, n kò tíì ṣílẹ̀kùn, mo gbójú sókè wo páànù.
Ó ti dípẹtà láti orí dé ìdí.
Yóò rí i.